Ilẹ̀kùn Tí Màmá Alábọ́ Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Gbólóhùn kan wà tí màmá mi àgbà kórìíra ju èébú lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó síwájú rẹ̀, tó mí kanlẹ̀, tó ní, "Ayé ti yí padà," Màmá á tutọ́ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ bò ó, á sì béèrè pé, "Ta ló yí i?" Kì í fi ìbéèrè yẹn ṣeré. Orúkọ ló ń fẹ́ gbọ́. Bí o bá ní ìjọba ni, á ní kí o júwe ilé tí ìjọba ń gbé ní Fante New Town, àdúgbò wa ní Kumasi, fún òun. Bí o bá sì ní Ọlọ́run ni, á ní Ọlọ́run ò bá ẹ jà, fi í sílẹ̀ o jàre.

Lọ́jọ́ tí a sin ín sí Tafo, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tí mo fi gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo ń kà wọ́n ni. Wọ́n ní ẹni àtijọ́ ni Màmá, wọ́n ní irú wọn ò sí mọ́, wọ́n ní ayé ti yí padà, wọ́n sì ń fi eyín fa ẹran sàárà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó kó mi nírìíra. Ṣùgbọ́n kí n tó máa gan ọmọ ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé nínú gbogbo irọ́ tí a pa nípa ilé obìnrin yìí, tèmi nìkan ni wọ́n fún ní máàkì.

Sàlámátù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ìyàwó tuntun ló sì jẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀, àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, mú un wá sí Kumasi. Abọ́ ló ń tà ní Asafo, nítòsí ibùdókọ̀: bàsíà onírin tí wọ́n fi ọ̀dà funfun dídán kùn, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí nínú. Àwa Yorùbá ń pè é ní Màmá Alábọ́. Àwọn Asante ọjà ń pè é ní Maame Alata, torí Alata ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Kì í ra bàsíà kan láì dojú rẹ̀ délẹ̀. Á fi èékánná kan ìdí rẹ̀, á dẹtí sí i, á wá fi àtàǹpàkò wá ibi tí ọ̀dà ti bó. Àwọn oníbàárà tuntun, òdòdó ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní èyí rẹwà, èyí ò rẹwà. Màmá á gbà á lọ́wọ́ wọn, á fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n, á ní, "Òdòdó kì í jò. Ìdí ló ń jò."

Bó ṣe ń yẹ abọ́ wò ló ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, ìyẹn ò sì jẹ́ kó lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Lọ́dún ebi ńlá, nígbà tí òjò kọ̀ tí iná ìgbẹ́ sì jó oko káàkiri, àáfà kan láti àdúgbò kejì dúró níwájú ilé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ń wàásù pé ṣòkòtò tí àwọn obìnrin ń wọ̀ ló fà á. Gbogbo ènìyàn ń ṣe àmín. Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní kí ó dákun dárúkọ obìnrin náà. Àáfà ní àwọn obìnrin lápapọ̀ ni òun ń bá wí. Ọ̀rọ̀ "lápapọ̀" yẹn ló mú inú bí Màmá. "Àáfà," ó ní, "ọdẹ tó ń wá ọ̀yà ló fi iná sí oko tí wọ́n ti ń gbé iṣu wá fún wa. A mọ̀ ọ́n, a mọ ilé rẹ̀. Ṣé ṣòkòtò obìnrin ni ọdẹ yẹn wọ̀?" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Àáfà gbé kẹ́tùlù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì tó ọdún méjì kí a tó tún rí i ládùúgbò wa.

Ẹ má rò pé ẹlòmíì nìkan ló ń dá lẹ́bi. Nígbà tí abọ́ rọ́bà gbòde, tí ìsọ̀ àwọn tó ń ta onírin wá dá páropáro, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí Asafo, wọ́n ń dárò. Ọ̀kan ní àwọn aráyé òde òní ò mọ ohun tó dára mọ́. Òmíràn ní àwọn òyìnbó ló ń ba tiwa jẹ́. Èmi ni mo jókòó ti Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó na ìka mẹ́ta sókè, ó ní Adímá ló kọ́kọ́ gbé rọ́bà dé ìlà àwọn, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, Akosua sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló mú ìka kẹta, ó wò ó bí ẹni pé ó ń rùn. "Èmi ni ìkẹta," ó ní.

Ẹ ò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa bí ẹ ò bá mọ Maame Abena. Asante ni, tòmátì ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Màmá. Kí wọ́n tó bí mi, ọdún kan wà tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá àti ọkọ rẹ̀ di ẹrù, wọ́n forí lé Ìlọrin. Ohun méjì ni wọn ò lè gbé: ogójì bàsíà, àti bàbá mi, Ràímì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ibà dá dùbúlẹ̀. Maame Abena kó méjèèjì lọ sí yàrá rẹ̀ ní Tafo. Nígbà tí ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n bi í pé ta ni ọmọkùnrin tó wà lórí ẹní yìí, ó dáhùn pé, "Me ba nie," ọmọ mi nìyí.

Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi fi jẹun lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Màmá padà dé ní opó, torí ọkọ rẹ̀ ti kú sí Ìlọrin. Ó bá ọmọ rẹ̀ tó ti sanra, ó sì bá bàsíà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ogójì géérégé. Ẹyọ kan péré, èyí tó tóbi jù, ni ọ̀dà rẹ̀ bó létí. Maame Abena bẹ̀bẹ̀ pé abọ́ náà ni òun fi ń bu oúnjẹ fún Ràímì, kí Màmá má bínú. Màmá ò tà á. Ó gbé e sílé wa ní Fante New Town, ó sọ ọ́ di abọ́ àjọjẹ, gbogbo ọmọ inú ilé, tiwa, ti àwọn àbúrò bàbá mi, àti ti àwọn ayálégbé, ló ń jókòó yí i ká lọ́sàn-án. Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Iwájú rẹ ni kí o ti jẹ, má nawọ́ síwájú ẹlòmíì. Bí ọmọ kan kò bá sì sí nílé, ẹ ó fi igun tirẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá bu igun ẹni tí kò sí, kò ní jẹun lọ́la.

Ọdún ebi yẹn náà ni Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana wálé. Maame Abena ti kú nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yaa, ti Èkó dé pẹ̀lú báàgì kan àti ọmọ kan, Adwoa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tèmi. Màmá ò bi ẹnikẹ́ni kó tó ṣí yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná fún wọn. Èkó ni wọ́n bí Adwoa sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara. Tèmi, ọmọ Ìlọrin, Twi, èdè àwọn Asante, ti gba ìdajì rẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló kọ́ mi ní Yorùbá, ṣé ewúrẹ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń jókòó sí nídìí abọ́.

Bàbá mi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù fún oníṣòwò kan. Ìrẹsì ń tibẹ̀ bọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹja alágolo náà ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó kó ará ilé jọ, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ayé ti yí padà. Ó ní oníkálukú ló ń bọ́ ọmọ tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀ láyé òde òní, pé kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ìkórìíra. Kò dárúkọ Adwoa. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ń mi orí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè wá wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí Abena fi abọ́ yẹn bọ́ fún ọdún mẹ́rin, òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọmọ Abena síta. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó dẹ̀ ju báyìí lọ láti fi sọ ọ́, n kò rí.

Màmá ò bá a jà. Ó gbé abọ́ ńlá náà wá síwájú ilẹ̀kùn yẹn gan-an, ó gbé e kalẹ̀, òun àti Adwoa jókòó tì í. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan: ìbẹ́pẹ tútù tí wọ́n bọ̀, tàbí kókóǹtè díẹ̀, ìyẹn ọkà láfún, pẹ̀lú ewé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń pè wá tẹ́lẹ̀. Bó bá kan èmi, oríkì mi ló ń pè. "Àṣàkẹ́, abọ́ dé o." Mo ń gbọ́ ọ. Bàbá mi á fi ìka lé ètè, àwa náà á máa jẹun lọ, a ò ní jẹ́ kí ṣíbí kan àwo. Níta, wọ́n á fi igun mi sílẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí Màmá tó ní kí Adwoa jẹ ẹ́.

Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí òjò fi rọ̀ tí àgbàdo tuntun fi dé ọjà. Eyín méjì ló bọ́ lẹ́nu Màmá lọ́dún yẹn. Nígbà tí nǹkan rọ̀, bàbá mi se ìrẹsì, ó fi odidi itan adìyẹ lé e lórí, ó ní kí n gbé e fún Màmá. Màmá ṣí i, ó wò ó, ó dé e padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀gbin. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ọdún mẹ́tàlá, kò jẹ oúnjẹ bàbá mi rí, yálà ọdún Iléyá ni o, yálà ìsọmọlórúkọ ni. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń ṣàdúrà fún un, ó ń kí i. Bí oúnjẹ bá dé ṣáá, èsì kan náà ni: "Ẹ sọ fún Ràímì pé mo ti jẹun."

Èmi náà dàgbà, mo wọ yunifásítì, mo kọ́ nípa àwùjọ àti ohun tó ń mú un yí padà. Olùkọ́ wa kọ́ wa ní tíọ́rì, ìyẹn àlàyé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ní àwùjọ dà bí ara ènìyàn, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí á rọ, á já bọ́. Òmíràn ní àwọn tó ní àti àwọn tí kò ní ló ń jà, ìjà wọn ló sì ń ti ayé síwájú. Ìkẹta ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo àwùjọ ń tọ̀, láti inú agbo ilé bọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ní kí kálukú mú ìyípadà kan nínú ilé rẹ̀, kó fi tíọ́rì ṣàlàyé rẹ̀. Mo mú abọ́ àjọjẹ. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí mo kọ. Mo ní iṣẹ́ abọ́ náà ti parí, torí ilé ẹ̀kọ́ ń gba àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Mo ní àwọn tó ní oúnjẹ ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní, n kò sì dárúkọ ẹnì kan. Mo ní Kumasi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi tí àwọn ìlú mìíràn ti kọjá ni. Mo lọ bi bàbá mi léèrè, ó dé fìlà, ó bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì lórí ayé tó yí padà. Ẹnu rẹ̀ ló kún ìdajì ìwé náà. Olùkọ́ fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ojú mi là. N kò ní àwọn àlàyé yẹn ò wúlò. Ebi wà lóòótọ́, àwọn tó ní wà, ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi wọ́n bo ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀.

Mo gbé ìwé náà wálé láti fi yangàn. Màmá ń fọ abọ́ lórí àpótí rẹ̀ nínú àgbàlá, mo jókòó, mo ń ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, ojú ìwé lójú ìwé. Nígbà tí mo parí, ó gba ìwé náà, òun tí kò mọ̀ ju kéú lọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi èékánná kan ẹ̀yìn rẹ̀.

"Òdòdó rẹ̀ dára," ó ní. "Àṣàkẹ́, ilẹ̀kùn dà?"

"Ilẹ̀kùn wo, Màmá?"

"Èyí tí Ràímì tì. Ìwọ wà nínú yàrá. Kí lẹ jẹ?"

Mo wò yíká bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Mo ní ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹja alágolo.

"Ṣé ó dùn?"

Mo fẹ́ pa irọ́ fún un, ojú rẹ̀ ò jẹ́. Mo ní, "Ó dùn, Màmá."

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Inú kò bí i. Ì bá dára fún mi ká ní inú bí i. "Kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní, ó sì tún mú kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀.

N kò kọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti gba ìwé náà wọlé, pé máàkì ti jáde, pé kò sí àyè fún ilẹ̀kùn nínú tíọ́rì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí láti kọ orúkọ bàbá mi, ó sì ń tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ tèmi. Láàárín ọdún kan, Màmá kú.

Lọ́jọ́ fídáù, bàbá mi dìde níwájú àwọn àáfà. Ó ní ìyá òun ni ìyá gbogbo ayé. Ó sọ ìtàn abọ́ àjọjẹ, àwọn ènìyàn ń mi orí, àwọn kan ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ló ní, ó mà ṣe o, ayé yí padà, abọ́ náà parí, ṣùgbọ́n Màmá gbà á bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ lójú ilẹ̀kùn náà gan-an, tó ṣì dúró síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní àwọ̀ ewé nítorí àwọn àlejò.

N kò ní ìgboyà láti dìde kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Mo fa abọ́ ńlá náà jáde lábẹ́ ibùsùn Màmá, mo bu ìrẹsì sàárà kún un, mo sì gbé e síwájú ilẹ̀kùn yẹn. Bàbá mi rí i. Ojú rẹ̀ fà ro, ó ní kí n gbé e wọlé, pé àwọn àlejò ti gba àwo tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jókòó tì í. Wọ́n ń yà fún un bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Ìgbà náà ni Adwoa wọlé. Ó ti di aránṣọ ní Asafo, ó wọ aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ bí àwọn Asante ṣe ń wọ̀ ọ́. Mo dìde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Adwoa, bra, wá ká jẹun." Inú mi ti ń dùn. Mo ti ń rí bí a ó ṣe jókòó, tí ìyẹn á sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó wo abọ́ náà, ó wo ilẹ̀kùn. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Madidi dada," ó ní. Mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara yẹn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n ṣi gbọ́: "Èmi àti Màmá ti jẹ tiwa tán nínú abọ́ yìí. Ẹ̀yin lẹ ò wá."

Ó lọ kí bàbá mi kú ọ̀fọ̀, ó kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún un, ó sì lọ. Ìrẹsì náà tutù. Ìwé mi ṣì wà ní ilé ìkówèésí yunifásítì, yíǹkì pupa wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì tuntun ń yá a kà láti mọ bí a ṣe ń fi tíọ́rì ṣàlàyé ìyípadà.

Sàlámátù Alábọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ibi tó rọ̀ fún yín. Ẹ bi mí pé ta ló yí i. Ràímì ló ti ilẹ̀kùn. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì mi orí sí i. Èmi Àṣàkẹ́ wà nínú yàrá, mo gbọ́ orúkọ mi, n kò jẹ́. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹja alágolo. Ó dùn.